Ọmọ Tó Máa Ṣiṣẹ́ Iná Gbọ́dọ̀ Débi Iná

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ní yunifásítì àti ní pólì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀gá tó ń gbà yín síbi iṣẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe títí orí fi hewú. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí ojú mi rí nígbà tó kàn mí láti tọ́ ẹlòmíràn, àti ìdí tí mo fi gbà láìṣiyèméjì pé ìwé nìkan kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ẹnjiníà iná.

Nígbà tí a wọṣẹ́ lápá ìparí àwọn ọdún 1960, kò tíì sí àjọ iná tó ń jẹ́ NEPA. ECN ni, Electricity Corporation of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951. Iná mọ̀nàmọ́ná ti ń tàn l'Ékòó láti ọdún 1896, ṣùgbọ́n àtùpà elépo ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà lókè fi kàwé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ECN fi níyì lójú wa. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀, gbogbo agboolé ló máa ń gbọ́, àwọn òbí rẹ̀ á sì máa tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí.

Ní Marina, níwájú olú ilé iṣẹ́ wa, ère Ṣàngó kan wà tí Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, fi idẹ rọ lọ́dún 1964. Bí àgbà iṣẹ́ kan bá mú ọmọ tuntun gba ibẹ̀ kọjá, ó máa ń dá a dúró, á ní, "Ẹni tó ni mọ̀nàmọ́ná rèé. Kì í bínú lẹ́ẹ̀mejì." Ohun tí wọ́n fẹ́ kó yé wa ni pé iná kì í fún èèyàn láyè láti tọrọ àforíjì. Kí wọ́n tó kọ́ wa ní nǹkan kan nípa wáyà ni wọ́n ti kọ́ wa ní ọ̀wọ̀.

Kò sí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí dé tí wọ́n fún ní tábìlì àti àga lọ́jọ́ kan náà. Ìbáà jẹ́ Yaba lo ti wá, ìbáà jẹ́ Yunifásítì Èkó, ìbáà jẹ́ Zaria tàbí òkè òkun, o máa kọ́kọ́ yípo ni. Wọ́n á fi ọ́ sí ilé ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n á gbé ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń so kébù abẹ́ ilẹ̀. Láti ibẹ̀, o dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun òpó, o dé yàrá tí wọ́n ti ń yẹ mítà wò, o sì jókòó ti àwọn akọ̀wé tó ń kọ bílì. Nígbà tí o bá fi máa yípo tán, o ti mọ ibi tí iná ti ń wá, o mọ ibi tó ń gbà, o mọ ibi tó ti ń sọnù lọ́nà, o sì mọ bí owó rẹ̀ ṣe ń wọlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó béèrè ibi tí ọwọ́ rẹ dá jù, kí wọ́n tó pín iṣẹ́ fún ọ.

Ìjọra l'Ékòó ni mo ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń fi ooru omi yí ẹ̀rọ ńlá. Èédú ni wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ ibẹ̀ láti máa jó. Iná èédú á sọ omi di ooru tó lágbára, ooru náà á yí tọ́báìnì, tọ́báìnì á sì yí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo èyí ni mo ti kà nínú ìwé. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dúró ti ẹ̀rọ náà tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi, tí ọ̀gá ẹ̀rọ fi etí lásán mọ̀ pé bíárìn kan ti ń ṣe àìsàn kí aago ara ògiri tó sọ ọ́, ìgbà yẹn ni ohun tí mo kà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Olùkọ́ tó ṣe mí lóore jù lọ kò ní ìwé ẹ̀rí tó ju ìwé mẹ́fà lọ. Bàbá tó ń so kébù ni. Kébù abẹ́ ilẹ̀ ayé ìgbà yẹn, bébà tí wọ́n rẹ sínú òróró ni wọ́n fi ń wé wáyà rẹ̀, wọ́n á wá fi òjé bò ó lókè. Bí omi bá fi lè wọ inú bébà yẹn, bó ti wù kó kéré tó, ìsopọ̀ tí ẹ bá ṣe kò ní pẹ́ tí á fi bú. Kí Bàbá tó so kébù kan, á yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, á fi ẹ̀mú irin mú un kí òógùn ọwọ́ má baà kàn án, á sì tì í bọ inú òróró gbígbóná. Bí bébà náà bá dákẹ́, kò sí ewu. Bó bá ta, tó sì ń hó fùfù, Bàbá á wò wá lójú: "Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké? Omi ni. Ẹ gé e sẹ́yìn." A ó gé e, a ó tún un dán wò, títí yóò fi dákẹ́. Àwa tí a ní dìgírì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá yìí láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé òun rẹ ara òun sílẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Bàbá kò kọ́ wa torí pé ó láàánú nìkan. Kíkọ́ ọmọ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un lé lórí. Bí ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gá àgbà á bi í léèrè. Ilé iṣẹ́ mọ̀ pé àwọn òyìnbó ń lọ, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kò bá sì tètè dáńgájíá, ìlú á wà lókùnkùn.

Kò pẹ́ tí a fi rí i pé òótọ́ ni. Lọ́dún 1968 ni ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa níná, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní gbangba lọ́dún 1969. Tọ́báìnì mẹ́rin ló kọ́kọ́ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 80. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Wáyà ńlá tó gbé 330,000 fólítì gba Jẹ́bà àti Òṣogbo wá sí Èkó. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1972, wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìsédò odò Ọya, ìyẹn Niger Dams Authority, NEPA sì dé. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé mi lọ sí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òṣogbo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí iná fi lè kú láti Èkó dé Kánò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń ní kí wọ́n rántí àwọn ọkùnrin tó ń gbé òpó igi tíìkì léjìká lọ síbi tí wọ́n fẹ́ rì í mọ́. Ẹnì kan á máa dárin, gbogbo wọn á máa gbé ẹsẹ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan bá yọ èjìká rẹ̀ lójijì, ẹrù á tẹ àwọn tó kù, ẹsẹ̀ wọn á fà. Bí ẹlòmíràn bá tún yọ torí pé ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, òpó á wó lu ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wa ṣe rí. Yálà odò ló ń yí wọn ní Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro, tàbí ooru omi tí iná gáàsì ń sè ní Ẹ̀gbín, ìgbésẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹrù ìlú bá ju agbára ẹ̀rọ lọ, tàbí bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, ìgbésẹ̀ náà á fà sẹ́yìn. Bó bá fà jù, ẹ̀rọ mìíràn á já ara rẹ̀ kúrò kó má baà bàjẹ́, ẹrù rẹ̀ á sì bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Lọ́dún 2024 tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá ti jókòó ní Òṣogbo rí mọ ibi tí á kọ́kọ́ wò.

Lọ́dún 1973, àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, gbé ètò SIWES kalẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde. Ọmọ pólì á lo oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́, ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà á lo oṣù mẹ́fà. IT làwọn ọmọ ń pè é. Bí mo ṣe ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ọmọ IT bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ mi.

Ètò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láwọn ibì kan tí mo dé bà mí nínú jẹ́. Ọmọ tó ti ṣe ìṣirò tó le ní kíláàsì, wọ́n á ní kó lọ ra àkàrà, kó fọ ọkọ̀ ọ̀gá, kó gbé fáìlì láti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà, á wá ẹni tó ti ṣe IT ṣáájú rẹ̀, á da ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ onítọ̀hún kọ sínú tirẹ̀. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i láìkà á. Olùkọ́ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò á fọwọ́ sí i lẹ́nu géètì. Oṣù mẹ́fà á lọ, ọmọ á padà bó ṣe wá, ilé iṣẹ́ á sì máa ráhùn lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé àwọn tó ń jáde ní yunifásítì kò mọ nǹkan kan. Ta ló yẹ kó kọ́ wọn?

Mo pinnu pé ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ tèmi kò ní padà bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún un ni ìwé funfun àti pẹ́ńsù. Màá ní kó máa rìn yí sọ́bùsítéṣọ̀n ká, kó tẹ̀ lé iná láti ibi tí wáyà 132,000 fólítì ti wọlé, kó kọjá lára súwíìṣì àti bírékà, kó dé ìdí tiransifọ́mà, kó sì bá a jáde lórí wáyà 33,000 àti 11,000. Kó fi ìlà kan ṣoṣo ya gbogbo rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wo èyí tó wà lára ògiri ọ́fíìsì. Bí nǹkan kan kò bá yé e, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá mú un wá, màá bi í ní ìbéèrè kéékèèké: "Ìgò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà yẹn, kí ló wà nínú rẹ̀?" Àwọn hóró tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ ni, bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á jẹ́ búlúù, bí omi bá ti kún wọn, wọ́n á di píǹkì. "Bó bá ti di píǹkì ńkọ́, ta ni wàá sọ fún?" Ọmọ tó bá ti ya àwòrán yẹn fúnra rẹ̀, bó dákú, bó jí, sọ́bùsítéṣọ̀n yẹn ti wà lórí rẹ̀.

Ohun kejì ni bí wọn kò ṣe ní kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a lọ tún wáyà kan ṣe ní ìlú kékeré kan. Wọ́n ti pa iná láti sọ́bùsítéṣọ̀n, wọ́n sì ti kọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún wa. Ọmọ pólì kan tó wà lọ́dọ̀ wa rí i pé a ṣì dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti pa á, ìwé àṣẹ sì ti wà lọ́wọ́ yín. Kí la tún ń dúró dè?"

Mo ní, "Ọmọ mi, ìwé kì í pààyàn, wáyà ní í pààyàn. Gbé ọ̀pá ìdánwò wá."

A gbé ọ̀pá náà sókè sí wáyà tí gbogbo wa gbà pé ó ti kú. Ọ̀pá náà ké. Gbogbo wa fà sẹ́yìn. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, ilé búrẹ́dì kan lábẹ́ laìnì náà ló ń tan jẹnẹrétọ̀. Wọn kò fi súwíìṣì tó máa ya iná ìjọba kúrò lára iná jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Iná jẹnẹrétọ̀ gba inú ilé jáde, ó wọ tiransifọ́mà láti ẹ̀yìn, ó sì gòkè di 11,000 fólítì lórí wáyà tí àwa fẹ́ fọwọ́ kàn. Mo ní kí ọmọ náà sọ ọ́ tẹ̀ lé mi: pa á, tì í pa kí ẹlòmíràn má baà tan án, dán an wò, dè é mọ́lẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ yẹn ti di ọ̀gá lónìí. Nígbàkigbà tó bá pè mí, ó máa ń sọ fún mi pé òfin yẹn ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ òun.

Ohun kẹta ni wíwọ̀n. Bí ẹ bá bi ọmọ ní kíláàsì pé ampere mélòó ni tiransifọ́mà 500 kVA lè gbé lórí 415 fólítì, á ṣírò rẹ̀ fún yín kíá: nǹkan bíi 695 lórí fẹ́ésì kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Màá mú wọn lọ sídìí tiransifọ́mà àdúgbò ní aago méje alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ń lo iná, màá fún wọn ní mítà tí wọ́n ń fi gbá wáyà mú. Wọ́n á rí i pé fẹ́ésì pupa ti gbé ju ẹrù rẹ̀ lọ, ìyeyè wà láàárín, búlúù fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé nǹkan kan, wáyà náwútírà sì ti ń gbóná. Kí ló fà á? Ẹni tí iná ilé rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì á bẹ ẹni tó ń gun òpó pé kó gbé òun lọ sí fẹ́ésì tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Aládùúgbò rẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnìkẹta á tẹ̀ lé wọn, gbogbo wọn á kó jọ sórí wáyà kan. Àwọn ará àdúgbò á wá máa dá owó láti ra tiransifọ́mà tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ní àkàbà, sípánà àti làákàyè lè tún ilé pín sórí fẹ́ésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣirò ló sọ fún wa pé ẹrù ti pọ̀ jù. Èèyàn tó wà nídìí rẹ̀ ló sọ fún wa ìdí.

Ohun kẹrin ni kíkọ sílẹ̀, ọmọbìnrin kan ló sì jẹ́ kó dá mi lójú jù lọ. Nígbà tó dé, àwọn ọkùnrin kan ń kùn pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin. Mo fi í sídìí ríléè, àwọn ẹ̀rọ tó ń já iná nígbà tí ewu bá wà. Ríléè ìgbà yẹn ní àsíá kékeré tó máa ń já bọ́ láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá àsíá náà padà tí wọ́n á tan iná láìkọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá já, á kọ àsíá tó bọ́, aago tó bọ́, àti bóyá òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mú ìwé rẹ̀ wá fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Laìnì yìí kì í já àfi bí òjò bá ti rọ̀, àsíá tó ń fi hàn pé iná ń bọ́ sílẹ̀ ló sì máa ń bọ́." A rán àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé laìnì náà. Wọ́n bá igi ọparun tó ti dàgbà dé ara wáyà. Bó bá ti tutù, á wúwo, á sì tẹ̀ bọ́ sórí wáyà. Wọ́n gé e, wàhálà tán. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń kùn sí i ló ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ìwé àkọsílẹ̀ IT yín kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú aago àti ọjọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n yín á ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan ti yí padà gan-an lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Òfin ọdún 2005 pín NEPA sí wẹ́wẹ́, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 sì ni ìjọba gbé pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà iṣẹ́ ló kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò náà, ìmọ̀ ọwọ́ wọn sì bá wọn lọ sílé. Mo dúpẹ́ pé wọ́n dá NAPTIN sílẹ̀ lọ́dún 2009 láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná, wọ́n sì ṣì ń kọ́ni ní Ìjọra àti Akangba. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tó ń jáde lọ́dọọdún pọ̀ ju ohun tí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan lè dá gbé lọ.

Iṣẹ́ náà sì ti gbòòrò ju bí a ṣe bá a lọ. Òfin iná ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti máa bójú tó iná tiwọn, Èkìtì àti Òǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà. Ìyẹn ni pé ọmọ Adó-Èkìtì tàbí Àkúrẹ́ lè ṣiṣẹ́ iná nílé, lẹ́nu ṣíṣe òfin, ṣíṣírò owó iná, yíyẹ laìnì wò, tàbí kíkọ́ ilé iná oòrùn fún ìlú kan ṣoṣo. Ríléè ti di kọ̀ǹpútà, kò ní àsíá mọ́. Àwọn ọmọ ló fi bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn mí, mo sì jókòó gbọ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ohun tuntun náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná tó ń bọ̀ láti ara páńẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì ń ṣàn sí, kì í lọ kó bọ̀ bíi ti orí òpó. Bó bá ti ṣáná láàárín wáyà méjì, kì í tètè kú. Ẹni tó ń to páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé láìmọ èyí lè jó ilé onílé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Bàbá oníkébù fún wa, àwọn tó ń ta iná oòrùn náà jẹ ọmọ IT wọn ní irú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ iná, ẹ má gba ọmọ IT tí ẹ kò ní ẹni tó máa kọ́ ọ. Ẹ yan àgbà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ àgbà náà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tó bá ń lọ. Ẹ fún ọmọ náà ní iṣẹ́ kan tó máa parí, bó ti wù kó kéré tó: wíwọn tiransifọ́mà àdúgbò mélòó kan, yíya àwòrán sọ́bùsítéṣọ̀n kan, wíwádìí ìdí tí laìnì kan fi ń já. Ẹ fún un ní bàtà, ìbọ̀wọ́ àti akoto kó tó wọlé. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wọ inú ibi iṣẹ́ lọ bẹ àwọn ọmọ yín wò. Ẹ pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì wá sí kíláàsì yín. Ọ̀pọ̀ wa ló wà nílé, tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣì ń gbóná lẹ́nu wa, a ò sì béèrè ju omi tútù lọ. Ẹ sọ fún wọn láti ọdún kìn-ín-ní pé dìgírì kò tíì sọ wọ́n di ẹnjiníà lójú òfin. COREN, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, ọdún tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sì wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fa ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná lọ ṣe IT ní báǹkì torí pé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì ń fún un lówó ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà yẹn kò ní padà wá.

Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ ibùdó iná wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wọlé, ẹ kí àwọn àgbà tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ béèrè ohun tí kò bá yé yín, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà tí ẹ kò tíì dán wò.